Alárinà Lábẹ́ Fèrèsé

Adégbóyèga ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ. Ẹ bi í léèrè nípa páìpù epo, bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin láti inú wá, yóò rò ó títí oorun yóò fi gbé yín lọ. Ṣùgbọ́n bí Sẹ̀gilọlá bá ti yíjú sẹ́yìn láti ìlà àwọn obìnrin nínú akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó béèrè nọ́ńbà orin lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kú pátápátá. Á kàn na ìwé orin sí i, á sì máa wo bàtà ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni o, ẹnjiníà tó ti sọ fún àwọn ọ̀gá òyìnbó lójú ara wọn pé ìṣirò wọn kò tọ̀nà.

Owó epo tó já wálẹ̀ tún wá bà á jẹ́ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní downtown Calgary pe ènìyàn mọ́kànlélógójì jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fún oníkálùkù ní páálí kan kó kó ẹrù orí tábìlì rẹ̀ sí i. Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, Gbóyèga ti kó kúrò nílé tó ń gbé, ó ti lọ bá Dàpọ̀ ní basement kan ní Falconridge. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Dàpọ̀ láti yunifásítì ní Ifẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jọ sùn nínú yàrá kan, tí wọ́n jọ mu gàrí nínú abọ́ kan. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Dàpọ̀ ń ṣe, ìjì epo ò tíì fẹ́ kàn án. Ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, onítọ̀hún á rò pé òun nìkan ni Ọlọ́run dá sáyé.

Nítorí ẹnu dídùn yẹn ni Gbóyèga fi rán an.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ọkùnrin tó gbọ́n kì í dédé lọ kọlu ọmọ ọlọ́mọ. Á wá alárinà, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, á bá a gbé ọ̀rọ̀ lọ, á bá a gbé èsì bọ̀. Bí ojú bá wá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀bá. Bàbá Gbóyèga rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí màmá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà, ìgbéyàwó náà sì ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì. Kí ló wá burú níbẹ̀?

“Guy, sọ fún un pé mo ní i lọ́kàn,” ni Gbóyèga wí lọ́jọ́ náà, nínú oṣù kẹwàá. “Sọ fún un pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, má fi bò. Ṣáà jẹ́ kó mọ̀.”

“Ṣé Sẹ̀gi?” Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbá a lẹ́jìká. “Leave am for me. Consider it done.”

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Dàpọ̀ padà dé pẹ̀lú èsì. “Ó gbọ́. Ó ní kí o jẹ́ kí òun fi àdúrà sí i.”

Gbóyèga jẹ́ kó fi àdúrà sí i. Ó dé oṣù kọkànlá, àdúrà ṣì ń lọ. Kérésì dé, snow bo fèrèsé basement wọn mọ́lẹ̀, àdúrà ò tíì parí. “You know these sisters now,” ni Dàpọ̀ á wí. “Má fi ìwàǹwára ba nǹkan jẹ́. Má tiẹ̀ lọ bá a, kó má baà rò pé ò ń fi ipá mú òun.” Gbóyèga bá ń yẹra fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bi ara rẹ̀ léèrè irú àdúrà wo ni kò ní àmín yìí.

Lórí wọn nínú ilé náà ni onílé ń gbé, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Don Eusebio. Ó ń bá wọn kan ògiri ilé tuntun, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ta ló ń kọ́ ilé tuntun? Iṣẹ́ kejì rẹ̀ ló kù fún un: òun ni olórí àwọn olórin mẹ́fà tó ń wọ aṣọ dúdú oníbọ́tìnnì fàdákà àti àkẹtẹ̀ ràgàjì, tí wọ́n ń fi gìtá àti fayolín kọ orin ìlú wọn níbi ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí. Ẹni tó ń bá wọn fun fèrè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní ibùdó epo lápá àríwá, ó sì ti padà sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni Gbóyèga sì mọ fèrè idẹ í fun. Boys’ Brigade ní Iléṣà ló ti kọ́ ọ, ó sì ru fèrè náà wá sí Canada nínú àpótí rẹ̀. Ní ọ̀sán kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ó ń fi í fun orin ìsìnkú ní basement nígbà tí Don Eusebio kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ mú àwo ọbẹ̀ àgbàdo kan.

“Ìwọ lo ń fọn ìyẹn?” ó béèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ti bàbá náà sì máa ń já lágbede méjì. “O ti mọ bí a ṣe ń sunkún. Ó ku kí n kọ́ ọ ní ohun tí à ń sunkún sí.”

Inú garage ni wọ́n ti ń dánrawò. Don Eusebio kì í jẹ́ kí Gbóyèga fun orin kan àfi tó bá ti túmọ̀ rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ẹni tí kò mọ ohun tó ń dun òun, irọ́ ni yóò máa fun. Báyìí ni Gbóyèga ṣe mọ̀ pé gbogbo ẹkún ayé ló wà nínú orin àwọn ènìyàn yìí. Ọkùnrin kan dúró síta ilé tí wọ́n ti ń gbé ìyàwó, àyànfẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìyàwó náà. Òmíràn ń mutí sí ìlera obìnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Òmíràn tún fẹ́ràn obìnrin láti kékeré, kò sọ, ó wá ń sọ ọ́ fún ẹṣin rẹ̀. Gbóyèga fẹ́ràn ẹlẹ́ṣin yẹn gan-an.

“Ṣé ìwọ náà ní ẹnì kan?” ni Don Eusebio bi í lọ́jọ́ kan.

“Mo ní. Mo ti rán ènìyàn sí i.”

Bàbá náà gbé gìtá sílẹ̀. “O rán ènìyàn? O fi ọkàn rẹ rán ènìyàn bí ẹni tó ń ránni lọ ra búrẹ́dì?”

Gbóyèga ṣàlàyé alárinà fún un. Don Eusebio gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní ní tiwọn, ohùn ọkùnrin ìbáà dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, yóò háyà olórin, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lábẹ́ fèrèsé obìnrin náà. Serenata ni wọ́n ń pè é. Bí obìnrin bá gbà, á tan iná yàrá rẹ̀. Bí kò bá gbà, òkùnkùn. “Ó kéré tán,” bàbá náà ní, “ojú ara rẹ lo fi rí òkùnkùn ọ̀hún.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Gbóyèga lára. Ní ọjọ́ Sátidé tí òun àti Dàpọ̀ ń din dòdò, ó rò ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó ní bí òun bá ti ríṣẹ́ báyìí, òun ò ní retí àdúrà kankan mọ́, òun á kó àwọn Don Eusebio lọ sábẹ́ fèrèsé Sẹ̀gilọlá ní McKenzie Towne. Ó tiẹ̀ fi ẹnu súfèé orin tí òun á lò, èyí tí ọkùnrin ti ń bẹ obìnrin pé kó ṣí fèrèsé díẹ̀, ìwọ̀n tí ọwọ́ kan lè gbà.

“Na wa o. Ìyẹn mà dùn,” Dàpọ̀ wí. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Súfèé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Aago mélòó ni wọ́n máa ń lọ? Ṣé wọ́n máa ń kọ ju orin mẹ́ta lọ?”

Gbóyèga dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé alárinà tó ń bi ni ní irú ìbéèrè wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹni ló ká a lára.

Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ọ̀nà fẹ́ là. Ilé-iṣẹ́ kan ní Edmonton pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀sán ọjọ́ Friday kan. Dàpọ̀ bá a lọ aṣọ, ó gbàdúrà fún un, ó ní kó dúró lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ Sunday, kó sinmi. Gbóyèga wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀. Wọ́n dé Red Deer, ìdajì ọ̀nà, nígbà tí ímeèlì wọlé: wọ́n ti fagi lé ipò náà, ẹ̀rọ̀ ò sí nínú ọjà epo, wọ́n ń tọrọ àforíjì. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó rí bọ́ọ̀sì tó ń padà bọ̀.

Ojú ń tì í láti pe Dàpọ̀. Don Eusebio ló pè.

Igbe ayọ̀ ni bàbá náà fi dá a lóhùn. “Ọlọ́run ló dá ọ padà! Iṣẹ́ wà fún wa ní aago mẹ́sàn-án, afunfèrè tí mo fẹ́ yá dípò rẹ ò gbé fóònù. Dúró níbùdókọ̀ Calgary, à ń bọ̀ wá gbé ọ. Aṣọ rẹ àti fèrè rẹ á wà nínú van.”

“Iṣẹ́ ta ni?”

“Mi ò gbọdọ̀ sọ. Ẹni tó háyà wa ní ohun ìyàlẹ́nu ni, pé n ò gbọdọ̀ sọ fún ìwọ gan-an.” Ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Van náà gba ọ̀nà gúúsù. Gbóyèga ti wọ aṣọ tán, ó ń fi aṣọ nu fèrè, kò bìkítà ibi tí wọ́n ń lọ. Ìgbà tí wọ́n kọjá àwọn ṣọ́ọ̀bù òpópónà McKenzie Towne ló gbójú sókè. Wọ́n yà sí òsì. Wọ́n tún yà sí ọ̀tún. Ó rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ òféèfèé tí òun àti Dàpọ̀ gbé àga wọlé láti ẹnu rẹ̀ nígbà tí Sẹ̀gilọlá kó dé ilé tuntun náà. Dàpọ̀ gan-an ló sì dúró lórí koríko yẹn, nínú bùbá àti ṣòkòtò funfun, òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé òkè.

Omi bọ́ lójú Gbóyèga. Ó ní, háà, Dàpọ̀! Àṣé ohun tó ń gbèrò nìyí. Ó ti bá Don Eusebio dì í lẹ́yìn mi. Wọ́n ti mọ̀ pé mo ń padà bọ̀. Alárinà tòótọ́ nìyí, tó kó olórin wá ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Gbogbo ọ̀ràn Edmonton fò kúrò lórí rẹ̀. Ó fa àkẹtẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ dójú, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ẹni tó gbé gìtá ńlá, níbi tí afunfèrè máa ń dúró kí ìró idẹ má baà bo ohùn mọ́lẹ̀. Ó ń retí ìgbà tí Dàpọ̀ yóò yíjú, tí yóò na ọwọ́ sí òun.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, oòrùn sì ń ràn bí ẹni pé aago mẹ́rin ni, bó ṣe máa ń rí ní Calgary lóṣù kẹfà. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Òyìnbó kan tó ń bomi rin ọgbà dáwọ́ dúró ń wò wọ́n. Iná wo lobìnrin fẹ́ tàn ká tó rí i nínú irú ìmọ́lẹ̀ yìí? “Ẹ máa wo kọ́tìnnì,” Don Eusebio sọ kẹ́lẹ́, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Orin tí Gbóyèga fi ẹnu súfèé nídìí dòdò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kún. Ó fun fèrè náà bí kò ṣe fun ún rí láyé. Kọ́tìnnì mì. Fèrèsé ṣí. Sẹ̀gilọlá yọjú nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Orin ò tíì parí tó fi sáré sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Dàpọ̀ kúnlẹ̀. Gbóyèga gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń retí orúkọ rẹ̀.

“Sẹ̀gi mi,” Dàpọ̀ wí, ó ṣí àpótí òrùka kékeré kan. “Wò ó, mo ti kó gbogbo Mexico wá bẹ̀ ọ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Dàpọ̀! Dàpọ̀, ìwọ yìí!” Kò pe Bọ̀dá mọ́ ọn. Bọ̀dá Dàpọ̀ ló ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó na ìka rẹ̀, òrùka wọlé.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló há sọ́wọ́. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ mọ irú ẹ̀dá tí wọ́n ń bá wí. Ohun tó dun Gbóyèga jù kì í ṣe òrùka. Ó rántí pé ọ̀rẹ́ òun lọ aṣọ òun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rọra na kọ́là rẹ̀, ó ní kí òun má tètè padà.

Don Eusebio bojú wẹ̀yìn. Orin kejì, fèrè ló ń ṣáájú. Gbóyèga lè jù ú sílẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Iléṣà kì í jà lójú pópó níwájú àlejò. Ọkùnrin márùn-ún tí kò níṣẹ́ míì lọ́wọ́ sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó gbé fèrè sẹ́nu. Orin ẹni tó dúró síta ilé ìyàwó ni, Dàpọ̀ ò sì mọ̀, ó kàn gbọ́ pé ó lárinrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Bó ṣe ń jó, ọmọ Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ jí. Ó fa owó yọ, ó ní òun á náwó fún àwọn olórin. Ṣùgbọ́n owó Canada ìsinsìnyí, bíi rọ́bà ni, kì í lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ó bá ń ti ogún dọ́là ogún dọ́là bọ abẹ́ àkẹtẹ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè, ó ń kì í bọ̀ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Don Eusebio. Onífayolín méjèèjì. Ẹni gìtá kékeré, ẹni gìtá ńlá. Ó wá kan afunfèrè. Ó gbé àkẹtẹ̀ sókè, ó ti owó bọ̀ ọ́, ó sì rí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Gbó... Gbóyèga? Ṣebí Edmonton lo wà?”

Fèrè dákẹ́. Àwọn yòókù náà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Bọ̀dá Gbóyèga!” Sẹ̀gilọlá sáré wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, inú rẹ̀ ń dùn. “Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀! Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rò pé ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.”

“Kí ni mo ṣe tí o fi rò bẹ́ẹ̀?”

Ó wojú Dàpọ̀, ó tún wojú rẹ̀. “Nígbà tí ẹ rán an sí mi. Mo ní kó sọ fún yín pé kí ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ ọ́, pé màá gbọ́. Mo se ìrẹsì dè yín lọ́jọ́ Sunday yẹn, Bọ̀dá Gbóyèga. Dàpọ̀ ló dé. Ó ní ẹ ní kí n má bínú, ọkàn yín ti yí padà. Òun ló jẹ oúnjẹ náà.”

Oṣù mẹ́jọ. Gbóyèga gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn náà ò gbọ̀n. “Iṣẹ́ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tó sọ fún mi ni pé ò ń fi àdúrà sí i. Láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń retí rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ, Sẹ̀gilọlá. Ọkàn mi ò yí padà rí.”

Ó ti sọ ọ́. Ẹ wo ibi tó ti wá sọ ọ́.

Sẹ̀gilọlá yíjú sí Dàpọ̀. “Ṣé òótọ́ ni?”

Ẹnu dídùn yẹn ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí. “Sẹ̀gi, you have to understand, èmi náà...”

Sẹ̀gilọlá bọ́ òrùka náà, ó gbé e lé orí òdòdó tó wà lọ́wọ́ Dàpọ̀. Gbóyèga gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sẹ̀gilọlá gbójú sí i, omi ló kún ojú náà, kò sì sí àyè kankan níbẹ̀ fún un.

“Ó parọ́ fún mi,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ rán an. Sunday mélòó la jọ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà láti ìgbà yẹn? Ìlà kan péré ló wà láàárín wa. Ẹ kàn ń yí ojú kúrò lára mi.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láìpẹ́, fèrèsé òkè pa dé, kọ́tìnnì sì padà sí àyè rẹ̀.

Don Eusebio ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n orin tó ti ń kọ láti ogójì ọdún, ó mọ̀ ọ́n bó bá rí i. “Òun ni?” ó béèrè kẹ́lẹ́. Gbóyèga mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà wo Dàpọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó yọ ogún dọ́là kúrò lábẹ́ àkẹtẹ̀ ara rẹ̀, ó jù ú sórí koríko. Ó ní, “Ó ku orin ìdágbére. A kì í kúrò lábẹ́ fèrèsé láìdágbére.”

Wọ́n kọ ọ́. Gbóyèga kúrò lẹ́yìn gìtá, ó bọ́ síwájú, ó kọjú sí fèrèsé, ó fun tirẹ̀ dé òpin. Kọ́tìnnì ò mì. Oòrùn ṣì ń ràn.

Nígbà tí wọ́n ń kó gìtá sínú van, ó padà lọ bá Dàpọ̀, tó ṣì dúró lórí koríko pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, tí òógùn ti bò. Ó bọ́ àkẹtẹ̀, ó mú ogún dọ́là náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Gbà,” ó wí. “Ìwọ lo ṣeré jù nínú gbogbo wa.”

Ó wọ van lọ. Òógùn pọ̀ níwájú orí Dàpọ̀ lọ́jọ́ náà, owó náà lẹ̀.